Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Àlejò Tí Kò Jẹun Ní Ọjọ́ Tí Ó Dé

Ní ti ojú ìwé tiwa, ọ̀rọ̀ tí a kò rò pé a ó kọ láé ni a fẹ́ kọ ní oṣù yìí: ọ̀rọ̀ ejò.

Ìwé kan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ ìyá kan nínú ẹgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ra erè kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sìn wọ́n, ó sì gbé e wọlé nínú àpótí. Ìyá náà ní òun ti gba kámú lórí pé ejò wà nínú ilé òun. Ohun tí ó mú òun kọ̀wé ni pé ọjọ́ 9 ti kọjá, ejò náà kò sì fi ẹnu kan nǹkan kan. Bàbá ní kí wọ́n lọ jù ú sínú pápá. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní kí wọ́n la ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ti ẹran sí i. Àwọn ará ilé kan tilẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ejò tí kò jẹun, ó ní ohun tí ó ń dúró dè. Ìyá béèrè pé: ṣé àìsàn ni, tàbí ebi ni yóò pa á, kí sì ni kí àwọn ṣe?

Ìdáhùn wa kò gùn: ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ 9 kò tó nǹkan lára erè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni a fi ń fi í sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gbé pọ̀, nítorí ìlú tí a ń gbé yìí jẹ́ ìlú òtútù.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a mọ ejò tí a ń wí. Erè méjì ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Èyí ńlá, tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Python sebae, lè gùn ju mítà 4 lọ, ó lè gbé ewúrẹ́ mì, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi í sí ilé tí ọmọ ń sùn. Èyí kékeré ni Python regius. Àgbà rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ó kúrú, ó ki, ọrùn rẹ̀ tínrín, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì ńlá ńlá aláwọ̀ ilẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó máa ń ká ara rẹ̀ roboto, a sì fi orí pamọ́ sí àárín. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní ball python, nítorí ó dà bí bọ́ọ̀lù. Kò ní oró. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú: òjòlá ni lẹ́nu àwọn kan, mọ̀nàmọ́ná ni lẹ́nu àwọn mìíràn; àwọn Hausa aládùúgbò wa ń pe erè ní mesa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan gbé ejò tí ẹni tí ó mọ̀ ejò kò tíì wò. Ní apá òkè yìí, paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà, aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó máa ń fi ara ha ara títí yóò fi dún ṣàà. Òun ni ó ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo ejò àríwá Nàìjíríà. Ẹni tí ejò bá bù ṣán, ilé ìwòsàn tààrà ni. Ẹ má fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má sì fi okùn dì í. Zamko nítòsí Langtang àti Kaltungo ní Gombe ti pẹ́ tí a ti mọ̀ wọ́n fún ìtọ́jú ẹni tí ejò bù ṣán. Ó tó, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní oró.

Nínú igbó, ihò ni erè kékeré ń gbé: ihò òkété, ihò eku mìíràn, inú òkìtì ọ̀gán. Ibẹ̀ ni ó máa ń wà ní gbogbo ọ̀sán, ilẹ̀ yóò ká a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ni ó sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Alẹ́ ni ó ń jáde. Nísinsìnyí wọ́n ti kó o sínú àpò, wọ́n ti gbé e wọ mọ́tò, wọ́n ti tú u sí ibi tí òórùn rẹ̀ ṣàjèjì, ojú mẹ́wàá sì ń wò ó. Ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn fẹ́ pa á jẹ ni. Ẹ̀dá tí ó rò pé wọ́n fẹ́ jẹ òun kò lè máa ronú oúnjẹ.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa láti mọ̀. Ta ni nínú wa tí ó kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Terminus nínú òtútù, tí wọ́n gbé túwó àti ọbẹ̀ kúkà ka iwájú rẹ̀, tí ó sì jẹ ẹ́ tán? Omi gbígbóná, kúbùsù, àti igun kan tí kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè ni ó ń wá. Ní ọjọ́ kẹta ni ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ejò bá wọlé, ẹ ka ọjọ́ 7 kí ẹ tó fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe inú ilé ni a bí i sí, ẹ ka ọjọ́ 14. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní: ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú àwo tí kò lè dojú dé, kí ẹ sì pa àpótí dé padà. Ẹ má gbé e. Ẹ má fi ọwọ́ tọ́ ọ láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ní pàtàkì, ẹ má ṣí i fún àwọn àlejò. A mọ ara wa; bí nǹkan tuntun bá dé ilé ẹnìkan, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò yà wò ó bí wọ́n bá ti ìpàdé bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n padà wá ní oṣù tí ń bọ̀.

Àpótí náà kò ní láti jẹ́ ohun olówó ńlá. Kí ó ní ìdérí tí ó há dáadáa, nítorí ejò a máa fi orí ti ìdérí ní òru, kí ó sì ní ihò tí atẹ́gùn lè gbà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ (ẹ má lo tiwa, ẹ kọ́kọ́ kà á). Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ibi ìfarapamọ́, méjì sì ni kí ó jẹ́, ọ̀kan ní ìhà tí ó móoru, ọ̀kan ní ìhà tí ó tutù díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ fi sí i, ejò yóò ní láti yan láàárín ooru àti ìfọ̀kànbalẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni yóò sì yàn, òtútù yóò wá mú un. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́, tí a dojú rẹ̀ dé, dára ju ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Kí ó há. Kí ẹ̀yìn ejò máa kan ògiri rẹ̀ bí ó bá ká ara rẹ̀ síbẹ̀. Yàrá ńlá tí ẹ rò pé yóò gbádùn, ìbẹ̀rù ni yóò jẹ́ fún un.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ooru. Ara ejò kì í pèsè ooru fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Ibi tí ó bá wà ni ó ti ń yá a. Erè kékeré ń fẹ́ kí ìhà kan àpótí rẹ̀ wà láàárín 31°C àti 33°C, kí ìhà kejì sì wà ní nǹkan bíi 25°C sí 27°C. Àwọn ará wa tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Sókótó lè má rí ìṣòro nínú èyí ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, àti ní òru oṣù December àti January, òtútù lè mú títí dé bíi 11°C. Ejò tí òtútù mú kì í jẹun, bí a bá sì fi ipá mú un jẹ, yóò burú ju àìjẹun lọ, nítorí ooru ni ó fi ń da oúnjẹ nínú. Láìsí ooru, ẹran yóò rà nínú rẹ̀, yóò sì bì í. Erè tí ó bá bì lẹ́ẹ̀kan a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ara rẹ̀ tó mókun. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó ní kí wọ́n la ẹnu ejò, ẹ gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ra tẹ̀mómítà méjì, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ 28 sí 32, ejò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń lo gílóòbù iná láti mú àpótí gbóná, kí ó wà ní òde wáyà, níbi tí ejò kò ti lè fi ara kàn án, nítorí erè kì í tètè mọ̀ pé iná ń jó òun. Ẹ gbé àpótí kúrò lẹ́bàá fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ gbé e sí yàrá tí ó wà láàárín ilé, lórí tábìlì, má ṣe jẹ́ orí símẹ́ńtì. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ fi í ti ẹ̀gbẹ́ àpótí láti òde, kí ẹ sì da kúbùsù bo ìhà kan, kí ihò atẹ́gùn ṣí sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi náà bí ó bá ti tutù.

Ohun kan wà tí a ó sọ pẹ̀lú ohùn líle. Ẹ má ṣe gbé àdògán èédú sínú yàrá tí a tì nítorí ejò, ìbáà ṣe nítorí ènìyàn pàápàá. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn a máa tú afẹ́fẹ́ olóró jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, a sì máa pa ènìyàn lójú oorun. Kí ejò kú ju kí ilé kú.

Ọyẹ́ kan náà tí ń mú ètè wa là ń gbẹ awọ ejò. Bí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ ṣú bí ìgbà tí èéfín bò ó, tí àwọ̀ ara rẹ̀ sì pọ̀n, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ẹ má fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ ní àsìkò náà. Ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ sínú ìkòkò rẹ̀ kan, kí ẹ dúró títí yóò fi bọ́ ọ tán.

Nígbà tí ọjọ́ 7 tàbí 14 bá pé, oúnjẹ kàn. Ẹ bi ẹni tí ó ta ejò náà ní ohun mẹ́ta: kí ni ó ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ, báwo ni ó ti tóbi tó, òkú ni tàbí ààyè? Ohun tí ó mọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sin ejò náà, ó kàn rí i rà tà ni. Ní ti ìwọ̀n, kí ẹran náà má ki ju ibi tí ara ejò ti ki jù lọ, oúnjẹ àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Eku ni ó ń jẹ jù, a sì mọ ohun tí yóò wá sí ọkàn àwọn ọmọ: eku pọ̀ nínú ilé, kí a dẹ pàkúté. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kìíní, eku àdúgbò lè ti jẹ májèlé tí aládùúgbò fi sílẹ̀, májèlé náà yóò sì pa ejò. Lọ́nà kejì, èyí tí ó wúwo jù, àwa ará Jos ní ìdí láti bẹ̀rù eku. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ó ṣàìsàn ní ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn kan ní Jos níhìn-ín. Ó kú, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Bí ayé ṣe mọ ibà Lassa nìyẹn. Eku kan tí ó máa ń wọ inú ilé jẹ oúnjẹ ni ó ń gbé àìsàn náà kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó ń fi ọwọ́ lásán mú irú eku bẹ́ẹ̀ láti bọ́ ejò ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré. Eku funfun tí a bí tí a sì sìn nínú àgò ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí, òròmọdìẹ wà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí erè kékeré ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1998, rí i pé àwọn tí kò tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70 ń jẹ ẹyẹ kéékèèké jù, àwọn ńlá ni ó ń jẹ eku jù. Nítorí náà, ejò kékeré tí ó kọ eku lè má kọ òròmọdìẹ.

Òkú ẹran ni a fẹ́ràn jù. Eku ààyè tí ejò kò bá pa ní kíá lè yíjú padà bù ú jẹ, a sì ti rí ejò tí eku jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dé egungun nítorí pé wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ fi òkú eku náà sínú ọ̀rá, kí ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná bí ti ààyè, nítorí erè ní ihò kéékèèké létí ẹnu tí ó fi ń mọ ooru ẹran nínú òkùnkùn. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí ilé bá ti parọ́rọ́, ẹ fi ẹ̀mú gígùn gbé e síwájú ìkòkò rẹ̀, kí ẹ mì í díẹ̀. Bí kò bá gbà á, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pa iná, ẹ jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbé e jù sí ibi tí ajá kò lè dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ mọ́ títí ọjọ́ 7 mìíràn yóò fi pé. Ẹni tí ó ń gbé eku wá lójoojúmọ́ ń sọ ọjọ́ ìsinmi di ọjọ́ ìdààmú. Erè tí ó dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, lè gbààwẹ̀ fún oṣù díẹ̀ láìsí ewu, pàápàá ní àkókò òtútù àti àkókò ìgùn wọn. Òṣùwọ̀n ni yóò sọ òtítọ́ fún yín, kì í ṣe àánú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nínú àpò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ejò tí ó wọ̀n gíráàmù 500 bá di 450, ó ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá, àkókò dókítà ẹran sì ti tó nìyẹn. Ọmọ kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní ẹyin kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ má sì dúró de òṣùwọ̀n rárá bí ẹ bá rí i tí ó ń la ẹnu mí, tí imú rẹ̀ ń hó, tí ó ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu: òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀ fún eégbọn pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ó ti igbó wá sábà máa ń ní in. Inú àwa ará Jos lè dùn pé Vom kò jìnnà sí wa, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa àìsàn ẹran ti wà láti 1924. Ẹni tí ó bá béèrè níbẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún bàbá tí ó ní kí wọ́n jù ú sí pápá. Bàbá, ejò tí a bí sínú àpótí kò mọ pápá, òtútù Jos sì lè pa á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbà erè tí ọdẹ mú ní oko lánàá ni, èrò tiwa ni pé ẹ̀yin ni ẹ jàre: kí a dá a padà sí ibi tí wọ́n ti mú un, nítorí irú rẹ̀ ni ó ń fi àìjẹun kú jù. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ wọn ní Tógò, Benin àti Gánà lọ sí òkè òkun fún títà, erè sì wà nínú àdéhùn CITES, ní Àfikún Kejì, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kọjá ààlà láìní ìwé àṣẹ. Ẹ bi ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ẹranko igbó léèrè kí ẹ tó rà. Ẹ sọ fún onílé àti aládùúgbò pẹ̀lú. Àwọn ará wa tí ó wà ní Anambra mọ̀ pé ní agbègbè Idemili, ẹni ọ̀wọ̀ ni erè. Ní Ouidah ní Benin, ilé òrìṣà wà tí wọ́n ti ń tọ́jú erè kékeré gan-an, tí wọ́n sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jáde rìn kiri ìlú. Àlejò a máa béèrè kí ó tó ṣe.

Ìyá, bí ejò náà bá gbé ẹran mì ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ mú ẹnikẹ́ni gbé e. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48 ó kéré tán, nítorí bí wọ́n bá mì í lásìkò yìí yóò bì í. Ẹ fún un ní oúnjẹ kejì lẹ́yìn ọjọ́ 7, àti ẹ̀kẹta bákan náà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà 10, ní ìjókòó lórí ilẹ̀, kí ó má bàa já bọ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ara ejò lè ní kòkòrò tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti ìyá àgbà, kí wọ́n máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn.